Ẹ̀rọ Ìfọlẹ̀ Láṣebìkan àti Gbọ̀ngàn Ìgbó-Àyìn

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni Ìbídùnní fi tọ́jú ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú Ìgbó-Àyìn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn náà wà. Yàrá tí àwọn ìgbìmọ̀ àgbà ti ń ṣèpàdé ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pákó ìrókò ni àwọn baba ìlú fi tẹ́ ilẹ̀ òkè yìí nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ìbídùnní á gbá a, á fi àkísà tó ti fún gbẹ nù ún, á wá kúnlẹ̀, á fi ìda oyin pa á, á sì máa fi aṣọ gbígbẹ ra á títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Ó mọ pákó kọ̀ọ̀kan bí ìyá ti mọ ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́bàá fèrèsé tó máa ń ké bí ewúrẹ́ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ó sọ pákó yẹn ní Aláròyé.

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Olóyè Oyèbámijí, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gbọ̀ngàn, ránṣẹ́ pè é.

"Ìyá Ṣíjúwadé," ni ó wí, "kì í ṣe pé a kọ̀ ọ́ o. Orúnkún rẹ là ń rò. Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni àwọn ọmọ ìlú ń bọ̀ wálé fún àpéjọ ọdún. Bí ilẹ̀ bá dán lọ́jọ́ náà láìjẹ́ pé o kúnlẹ̀, iṣẹ́ rẹ ṣì ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó wá ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ ṣì le."

Ìbídùnní dúpẹ́, ó padà sílé. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, kò sì dáná. Ọkọ rẹ̀, Láṣebìkan, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, bá a níbẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni ó fi pè é, bó ti máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà á.

"Àkànkẹ́, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ mi lọ́wọ́ mi ni."

Nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí ìyẹn ni ebi fi fẹ́ pa mí? Ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ wà láyé! Ní ibùdó ọkọ̀ rélùwéè tí mo ti ṣiṣẹ́, òun là ń lò. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á dúró ṣánṣán bí ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ̀rọ á máa yí, omi á máa tú jáde, ìdọ̀tí á máa sá. Owó tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ wà nílẹ̀. Èmi ni n óò lọ rà á wá."

"Bàbá Ṣíjúwadé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Pẹ̀lú orúnkún wo? Jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ ìyàwó mi. Kí ni mo fẹ́ rà tí mi ò mọ̀?"

Ìbàdàn ló lọ, sí ṣọ́ọ̀bù Àlááji Múdàṣírù tó ń ta oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí a fi ń tún ilé ṣe. Ó bá oníbàárà kan níbẹ̀ tó jẹ́ ará Odò-Ṣẹ̀gi, tó sì mọ̀ ọ́n lójú. Odò-Ṣẹ̀gi àti Ìgbó-Àyìn múlé ti ara wọn, wọn kì í sì í pàdé kí wọ́n má fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn," ni Àlááji wí. "Irú ilé wo lẹ fẹ́ fọ ilẹ̀ rẹ̀?"

Kí Láṣebìkan tó lanu, ará Odò-Ṣẹ̀gi ti gbà á sọ. "Ìgbó-Àyìn kẹ̀? Àlááji, ẹ fún wọn ní ọwọ̀ kan, ó tó wọn lò. Yàrá kan péré nilé wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Láṣebìkan lákínyẹmí ara. Ó ṣí fìlà, ó gbé ohùn sókè, ó sì ki gbọ̀ngàn ìlú rẹ̀ bí wọ́n ti ń kì í lọ́jọ́ àpéjọ:

"Ilé gogoro àwòṣífìlà,
Ilé tó gba ìlú, tó gba àlejò ìlú,
Tó tún ṣẹ́ àyè kù de ẹni tó ń bọ̀ lọ́la.
Ilẹ̀ tó ń dán bí dígí,
Àlejò wọlé, ó wolẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé!"

Àlááji, tí kò dé Ìgbó-Àyìn rí, ń ronú, ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó gba ìlú, ó gba àlejò. Ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ nìyẹn. Ó ń dán bí dígí. Tẹràsó ni nígbà náà, tàbí òkúta mábù." Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù. "Tiyín rèé, Bàbá."

Láṣebìkan wò ó. Ó jọ ti rélùwéè bí ìbejì. Ọ̀rọ̀ pákó dé ọ̀fun rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ará Odò-Ṣẹ̀gi, kò lè jáde. Ó ní, "Òun gan-an ni!"

Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé ẹ̀rọ náà gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, wọ́n sì ní láti yọ ilẹ̀kùn kúrò kó tó lè wọlé. Àwọn àgbà ń ṣèpàdé lọ́wọ́ nísàlẹ̀. Ìbídùnní yí ẹ̀rọ náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Ṣíjúwadé, omi tí ẹ ń rọ sí i yìí ńkọ́? Pákó mi kì í mumi o."

"Fọkàn balẹ̀. Wòran."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà bú ramúramù, omi tú jáde, búrọ́ọ̀ṣì abẹ́ rẹ̀ tó le bí irin bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò dúró de ẹni tó ń darí rẹ̀. Ó wọ́ Láṣebìkan lọ sápá ọ̀tún, ó wọ́ ọ padà sósì, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà. Bí wọ́n ti gun orí Aláròyé, pákó náà ké.

"Àkànkẹ́, gbà mí! Kò gbọ́ èdè!"

Ìbídùnní tiro dé ara ògiri, ó fa wáyà yọ. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ omi tó ń gba àárín pákó kán sílẹ̀, tó, tó, tó, àti ariwo àwọn àgbà. Olóyè Oyèbámijí gòkè wá, fìlà rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lójú bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀.

"Láṣebìkan! Ṣé ẹ̀rọ lo rà ni tàbí òjò?"

Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu àwọn tó tẹ̀ lé e nígbà tí wọ́n rí ilẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ti họ ìda ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kúrò ní ọ̀nà gbọọrọ, pákó funfun bí egbò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀ sínú omi níwájú olóyè, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Àkànkẹ́, ẹsẹ̀ rẹ ni mo ní kí n gbà là. Ilẹ̀ rẹ ni mo bó láwọ."

"Ẹ dìde, kí òtútù má baà mú yín," ni Ìbídùnní dáhùn. Ó yọ gèlè rẹ̀, ó fi ń fa omi náà. "Kí lẹ sọ fún ẹni tó tà á fún yín?"

Láṣebìkan sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó dé ibi tó ti ki gbọ̀ngàn, Olóyè Oyèbámijí fi ọwọ́ bo ojú. "Oríkì! Wọ́n bi í léèrè ilé, ó ń kì í!"

Wọ́n ránṣẹ́ sí Àlááji Múdàṣírù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí àpéjọ yóò wáyé, ó wá fúnra rẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n.

"Bàbá, pákó lẹ pè ní dígí?"

"Ó ń dán, Àlááji."

"Ó ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pákó tó bá dán, pákó náà ni."

Kò bi Láṣebìkan ní nǹkan kan mọ́. Ìbídùnní ló dojú kọ. Ó bi í bó ti máa ń nù ún, irú ìda tó ń lò, ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ń pọ̀ sí jù. Ó fi ìwọ̀n wọn ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ lọ, ó sì fi èyí kékeré kan pààrọ̀ rẹ̀: kì í lo omi rárá, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rọ̀ bí irun àgùntàn, ọwọ́ rẹ̀ gùn dé àyà ẹni tó bá dúró, ọwọ́ kan sì tó gbé e.

Ìbídùnní fi ọjọ́ mẹ́ta fi ẹ̀rọ náà ra ìda tuntun mọ́ ojú egbò. Láṣebìkan ló ń kúnlẹ̀ fi ìda pa á níwájú rẹ̀, nítorí ó ní ẹni tó bó ilẹ̀ láwọ ni yóò fi òróró sí i.

"Ẹ sún díẹ̀ sósì," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí láti ibi tó dúró sí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ti fo ibì kan. Àbí ẹ̀yin náà kì í gbọ́ èdè?"

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, Olóyè Oyèbámijí dé kí àwọn èrò tó dé. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, ó ń wo ilẹ̀. Ojú ibi tí ẹ̀rọ ńlá ti họ ṣì mọ́ ju ìyókù lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dán. Ó rí òjìji fìlà ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì tún un dé.

"Ìyá Ṣíjúwadé," ni ó wí, "kọ́kọ́rọ́ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ rẹ nìkan ni a kò ní rán lọ́jà mọ́."

Ìtàn náà tàn ká lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ọmọ ìlú sì gbé e lọ sí ìdálẹ̀ tí wọ́n ti wá. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ohun èlò, tàbí tó fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣiṣẹ́, tó wá ń fi ìyìn ṣe ìwọ̀n, ohun tí àwọn àgbà Ìgbó-Àyìn máa ń pa lówe fún un ni pé: A kì í fi oríkì ilé ra ọwọ̀, ilẹ̀ ilé là á wò.