Ẹ̀gẹ́ Ìjàpá Nínú Ìsun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò dún. Àbí oúnjẹ alẹ́ ti wọ̀ yín lára? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ìjàpá, ó bà lé ìdílé Ẹtù àti ìdílé Ọ̀yà.

Ìsun omi kan ṣoṣo ni ìdílé méjèèjì àti Ìjàpá ń mu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń bọ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n máa ń jọ kó ewé inú rẹ̀. Ìjàpá nìkan ni ẹ̀yìn máa ń ro lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún kan, ọ̀dá mú. Ìjàpá hú ẹ̀gẹ́, ó fẹ́ rẹ ẹ́ ṣe fùfú. Ó wo òkè tí ilé rẹ̀ wà, ó wo agbè, ó ní, "Kí èmi máa pọnmi gun ibẹ̀ yẹn? Rárá o." Ọ̀lẹ ọmọ! Ó da gbogbo ẹ̀gẹ́ sínú ìsun, jàbú, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò pẹ́, omi náà kan, ó sì ń rùn.

Ìyá Ẹtù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Ó mu omi ọ̀hún, ó bì í. Ọyàn rẹ̀ gbẹ, ọmọ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ẹ̀rù ba Ìjàpá. Ó sáré tọ àwọn Ẹtù lọ: "Àwọn Ọ̀yà ló ba omi jẹ́, ojú mi ló ṣe." Ó tún yọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yà: "Àwọn Ẹtù ni, ojú mi ló ṣe." Ni Ẹtù bá ń pọ́n ìwo, ni Ọ̀yà bá ń pahín keke. Wọ́n pàdé létí ìsun, tọ̀tún tòsì ń kígbe ohun tó ń dùn wọ́n àti ẹni tó sọ fún wọn, kò sẹ́ni tó fetí sí ẹnìkejì. Ìgbín, àgbà igbó, wọ́ dé wọ́ọ́wọ́ọ́, ó dúró sáàárín wọn.

"Ẹni tó bá fẹ́ jà," ló wí, "kó kọ́kọ́ tẹ̀ mí fọ́." Ló bá dá orin:

Ẹtù, gbé ìwo sílẹ̀ o
*Rọra, ká sọ̀rọ̀*
Ọ̀yà, má pahín mọ́ o
*Rọra, ká sọ̀rọ̀*
Omi kan la jọ ń mu
*Rọra, ká sọ̀rọ̀*
Ìjà kì í pòùngbẹ ọmọ
*Rọra, ká sọ̀rọ̀*

Ìgbín ní, "Èmi náà ní ìwo. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, ṣe ni mo ń fà á wọlé. Ẹ jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ẹjọ́ ẹnìkejì ni kí ẹ rò, títí yóò fi sọ pé, 'Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.'"

Bàbá Ọ̀yà kùn, ó ní, "Ìyá Ẹtù ní a ba omi jẹ́."

"Kò tíì pé," ni Ìyá Ẹtù wí.

Bàbá Ọ̀yà wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó ní ọmọ òun ń kú lọ. Ó ní Ìjàpá ló rí wa."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni." Omi bọ́ lójú Ìyá Ẹtù. Òun náà bẹ̀rẹ̀: "Àwọn Ọ̀yà ní àwa la ba omi jẹ́. Wọ́n ní inú ń run àwọn arúgbó wọn. Wọ́n ní ẹni tó rí wa ni..."

"Ìjàpá," ni Bàbá Ọ̀yà wí.

Gbogbo ojú yí sí Ìjàpá, tó ti wá wòran. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dìde láti fọ́ ọ léèpo. Ìgbín tún gbé orin rẹ̀:

Ẹtù, gbé ìwo sílẹ̀ o
*Rọra, ká sọ̀rọ̀*

"Ta ni yóò ro ẹjọ́ ti Ìjàpá?"

Ìyá Ẹtù ló dìde, ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn jù. Ó ní, "Ìjàpá ní ẹsẹ̀ òun kúrú, òkè ga. Ojú tì í láti bẹ̀ wá pé ká bá òun pọnmi. Nígbà tí ẹ̀rù bà á, ó purọ́ mọ́ wa."

Ìjàpá ti múra irọ́ sílẹ̀ de èébú àti lílù, ṣùgbọ́n kò múra de èyí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ó wọnú ìsun, ó kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ń gbọ́n omi kíkan náà dànù, àwọn tó fẹ́ pa á sì bá a gbọ́n ọn, títí omi tuntun fi sun, tó mọ́ gaara. Ìgbín ní kí Ìjàpá bu àkọ́bù fún Ìyá Ẹtù. Ó mu ún, ó sì fi ìyókù tọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ náà lá a, ó dákẹ́ ẹkún, ó sùn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wọn, kó tó mọ̀ ọ́n sọ tirẹ̀, pé kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ ti ẹnìkejì.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyí. Ó kọ́ wa pé ká má fi ọ̀rọ̀ ẹnìkan gbé ìjà, ká má sì fi ìyà nìkan tún ìlú ṣe. Ẹni tó gbọ́ tẹnu ọ̀tá rẹ̀ yé lè máà ní ọ̀tá mọ́.