Àyọ̀ká ní Igbó Yìnyín

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè mú kí ẹni tí ń làágùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àyọ̀ká, obìnrin tí ẹ̀rù ń bẹ̀rù, ni ó gbéra láti wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jẹ́dìran, àgbẹ̀ tí ó búra lójú ọjà pé òun yóò gbin iṣu sí ilẹ̀ tí baba ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí rí. Ìyá wọn ń kú lọ lórí ẹní, orúkọ Ọ̀jẹ́dìran nìkan ni ó kù lẹ́nu rẹ̀.

Ó ń béèrè ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó gun òkè tí ń forí kan àwọsánmà, títí ó fi dé Igbó Yìnyín. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ tí ń la ètè lásán. Yìnyín funfun bo ilẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, itọ́ a sì máa dì kí ó tó balẹ̀. Àwọn igi ibẹ̀ ṣóńṣó lórí bí òrùlé ahéré, kí yìnyín lè máa yọ̀ bọ́ lára wọn; ewé wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, kì í sì í rẹ̀ dànù nígbà òtútù. Ehoro ibẹ̀ a máa paráwọ̀ dà di funfun, béárì, ẹranko ńlá onírun kìjikìji, a sì máa sùn títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìgbà ni í pẹ́ láyé.

Iwin kan tí awọ rẹ̀ rí bí èèpo igi yọ sí i. Àyọ̀ká rò pé ó ti de ẹ̀gbọ́n òun mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ.

“Ẹ dá ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀!”

Iwin náà mí kanlẹ̀. “Ta ni ó dè é? Láti ọjọ́ tí ó ti dé ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kí ó máa lọ sílé.”

Lóòótọ́, Ọ̀jẹ́dìran wà níbẹ̀ tí ó ń kọ ebè. Ilẹ̀ náà fẹ́lẹ́, ó kan bí omi ògì, abẹ́ rẹ̀ le bí irin. Ìgbà ooru ibẹ̀ a sì máa kọjá lọ kí iṣu tó ta.

“Padà lẹ́yìn mi, Àyọ̀ká. Ikú yá ju ẹ̀sín.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa ń kú lọ, wọn kò béèrè iṣu. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè.”

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sunkún, omijé sì dì mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, àwọn ará ìlú fi Ọ̀jẹ́dìran rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìyá náà fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, òótọ́ ni pé ikú yá ju ẹ̀sín fún olè àti ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dáwọ́ lé ohun rere tí kò bọ́ sí i, kí onítọ̀hún máa bọ̀ nílé. Èmi kò mọ ẹ̀sín tí ó burú ju pé kí ìyá ẹni pe ni títí, kí a má lè dá a lóhùn.