Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Nílùú Tí Wọ́n Ti Ń Fi Ariwo Jẹ Oyè

Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Àríyìíké, fi àyè sílẹ̀ fún àbúrò rẹ. Àdìgún, yọ ẹsẹ̀ kúrò lẹ́bàá iná, ẹran tí a fẹ́ sun kọ́ nìyẹn. Ẹ ṣé tí ẹ wá o, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ré òkun kọjá, ó balẹ̀ gbì, ó dá lórí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti bàbá tó gbà á lálejò.

Láyé àtijọ́, nílẹ̀ tí ẹ̀yin ọmọ iléèwé ń pè ní Gíríìsì, ìlú kan wà láàárín òkè. Ìlú náà ní àṣà tirẹ̀. Bí àlejò bá dé, wọn kì í bèèrè orúkọ rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́, tí ikùn rẹ̀ yóò fi yó. Bí àgbà ìlú kan bá sì kú, ariwo ni wọ́n fi ń yan òmíràn. Wọn a ti àwọn arúgbó kan mọ́ inú ilé tí kò ní fèrèsé. Etí Ìlú ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn tó fẹ́ joyè a wá máa kọjá níwájú èrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá pariwo fún jù, létí àwọn arúgbó tí kò rí nǹkan kan yìí, òun loyè já mọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀dá dá nílùú Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Omi gbẹ, koríko gbẹ. Lòun àti Lékèélékèé àti Àkèré bá gbéra. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n dé ìlú àárín òkè yìí, nílé bàbá kan tó ń da ewúrẹ́, Fílónì lorúkọ rẹ̀. Wọ́n kanlẹ̀kùn: kó, kó, kó.

Bàbá yìí ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí eérú ń já bọ́ sílẹ̀. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó gbé omi, ó wẹ ẹsẹ̀ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wẹ ẹsẹ̀ Lékèélékèé, gígùn gbọọrọ. Ó kan Àkèré.

Àkèré ní, “Bàbá, inú omi lèmi ń gbé. Ẹsẹ̀ tèmi mọ́.”

“Àṣà ni, ọmọ mi. Nà án wá.”

Ni Tẹánò ìyàwó rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. “Baálé mi, ẹsẹ̀ Àkèré lẹ ń wẹ̀ yẹn?”

“Kí n wẹ ti àwọn tó kù, kí n wá máa ṣojúsàájú?”

Wọ́n fún wọn ní ọkà báálì, wọ́n fún wọn ní èso ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n fún wọn ní wàrà ewúrẹ́. Wọ́n yó bámúbámú. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fẹ́ dúpẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí wọ́n fi ń dúpẹ́. Ó na ọrùn: “Hííì-hàà! Hííì-hàà!” Ògiri mì. Ìkòkò já bọ́, gbàràgàdà.

Fílónì rẹ́rìn-ín. “Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Ará òkè kejì náà ti gbọ́.”

Àràárọ̀ ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò jẹun kan kó má ké.

Ó ṣe, àgbà ìlú kan kú. Kálíásì olówó jáde, ó ní, “Bí mo bá joyè, kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àlejò yóò fi ìlú yìí sílẹ̀. Wọ́n ń jẹ báálì wa tán.” Démásì jagunjagun náà jáde. Nígbà tí Fílónì gbọ́ ohun tí Kálíásì sọ, ó wo àwọn àlejò rẹ̀, ó fọwọ́ mú ọ̀pá, òun náà jáde.

Kálíásì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìwọ? Ohùn tí ewúrẹ́ rẹ pàápàá kì í gbọ́ yìí?”

Fílónì ní, “Èmi kọ́ ni yóò pariwo. Àwọn èèyàn ni.”

Ṣùgbọ́n òfin kan ń bẹ. Ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wà nílùú gbọ́dọ̀ wá sójúde, àlejò sì kò gbọdọ̀ pariwo. Bí ohùn àlejò kan bá dà pọ̀ mọ́ ariwo ẹnikẹ́ni, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ẹ̀rù ba Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bóun bá ké péré, bàbá kò ní joyè, inú igbó lòun àti ẹlẹgbẹ́ òun yóò sì sùn. Òun tí kò tíì rí bàbá rí kó má ké. Ni Lékèélékèé bá ń kọrin sí i létí. Ẹ gbà á, ẹ̀yin ọmọ:

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, pa ẹnu mọ́ o.
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Bàbá tó wẹ ẹsẹ̀ wa ń bọ̀.
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Ohùn àlejò a máa boyè jẹ́.
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Ọpẹ́ inú kì í ṣòfò.
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*

Démásì ló kọ́kọ́ kọjá. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pariwo: “Wàá!” Ó dún, ó sì tán. Ọ̀fun ń yún Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. *Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.* Ó dákẹ́.

Ó kan Kálíásì. Ọkùnrin yìí ti pa màlúù, ó ti sun ún, ó ní kí wọ́n pín in gbígbóná kóun tó kọjá, kí oore òun má tíì kúrò lọ́kàn èèyàn. Ó kọjá. Gbogbo wọ́n lanu. Ẹran kún ẹnu. “Mmmù! Mmmù!” Kálíásì kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀nà ọ̀fun fún wọn pé kí wọ́n gbé e mì. Wọ́n rò pé ó ń bi wọ́n bó dùn ni. Wọ́n mirí. “Mmmù!”

Ó wá kan Fílónì. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀pá rẹ̀ ń ró kọ́, kọ́, kọ́. Ojúde pa lọ́lọ́. Kálíásì bá yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ó ní, “Olétí gígùn, ẹni tó wẹ ẹsẹ̀ rẹ ló ń kọjá lọ yìí. O ò lè ké ẹyọ kan fún un? Ẹ ò wá rí aláìmoore.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lára bí ẹ̀gún. Igbe ru sókè láti inú ikùn, ó dé àyà, ó dé ọ̀fun. *Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.* Ó ti fẹ́ jáde. Ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ki ẹnu bọ yẹ̀pẹ̀, gbùú, títí dé ojú. Yẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Omijé ń ṣàn wá sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ kan rí i. Ó tu ẹran Kálíásì sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ wo àlejò tó ń jẹ yẹ̀pẹ̀ nítorí kó má pariwo. Àwa tófin gbà láyè ńkọ́? Ọdún tí ilẹ̀ mì, tí ilé mi wó, ta ló gbà mí sílé?” Ó lanu: “Fílónì ò!”

Ẹnìkan ní, “Èmi náà sùn níbẹ̀.” Òmíràn ní, “Ó wẹ ẹsẹ̀ ìyá mi.” Ẹni tó lè gbé e mì gbé e mì, ẹni tí kò lè gbé e mì tu ú dànù. “Hòòòòòò!”

Etí Ìlú jáde, wọ́n ń ṣẹ́jú nínú oòrùn. Wọ́n ní, “Ẹnì kìíní dà bí ìkòkò tó fọ́. Ẹnì kejì, ta ló ń fún màlúù lóúnjẹ níbi oyè? Ẹnì kẹta, òjò ńlá ni a gbọ́ lórí òkè. Òun loyè tọ́ sí.”

Fílónì lọ tààrà sọ́dọ̀ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó bu omi, ó fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Ọmọ mi, o lè ké wàyí.”

Háà, ẹ̀yin ọmọ. Ó ké títí àkùkọ fi kọ. Ará ìlú kò sùn. Kálíásì fi aṣọ méjì bo orí, kò ràn án.

Bí ojú ọ̀run ti ń là ni Lékèélékèé ní, “Bàbá, a fẹ́ máa lọ. Mo fò lọ wo ilé lálẹ́ àná, òjò ti ń ṣú nílùú wa.”

Tẹánò ní, “Ta ló lé yín?”

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní, “Kò sẹ́ni tó lé wa, Ìyá. Ìdí tá a fi lè lọ nìyẹn.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìtàn yìí kọ́ wa pé kí á mọ oore, kí á sì mọ ìgbà tí ọpẹ́ yẹ lẹ́nu àti ìgbà tó yẹ kó gbé inú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàgbà ìlú, kó kọ́kọ́ ṣe é nílé ara rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Fílónì sìn wọ́n dé ẹnubodè. Àkèré ń tọ, tọ́ì, tọ́ì. Lékèélékèé ń fò lókè. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wẹ̀yìn, ó tẹrí ba fún bàbá, kò wí nǹkan kan, ó sì kọrí sílé bí ilẹ̀ ti ń mọ́.