Ìkòkò Owó Ẹyọ Òkè-Ọsàn

Láyé ìgbà tí owó ẹyọ ṣì ń ra ọjà, ìyá arúgbó kan wà ní Òkè-Ọsàn tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò máa ronú ìgbà èwe rẹ̀, kí ogun tó tú ìlú ká.

Lọ́jọ́ kan, Láwọyin ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ tí yóò fi mọlé lẹ́yìn ọgbà, ni ọkọ́ bá kan ìkòkò. Ó ṣí i. Owó ẹyọ tí wọ́n sín mọ́ okùn ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu, nínú eérú.

“Ìyá àgbà, ìdána mi dé!”

Kò tíì pariwo tán tí Bánkọ́lé, aládùúgbò wọn, fi yọ. “Dúró ńbẹ̀! Ilẹ̀ wa lò ń gbẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mò ń làágùn, níbo lẹ wà?”

“Mò ń wo ẹni tó ń bá mi hú ogún mi.”

Láwọyin bínú gun igi ọsàn tó wà nítòsí, kí ó lè rí ààlà àtijọ́ láti òkè.

“Kí lo rí?” ni Bánkọ́lé bi í láti ìsàlẹ̀.

“Koríko.”

“Koríko tiyín àbí tiwa?”

“Ẹ mú okùn owó kan wá,” ni Àwẹ̀ró wí láti orí àpótí rẹ̀. Kò dìde. Ó fi ìka tọ ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan kókó okùn. Ìka rẹ̀ dúró. Ó tún un fọwọ́ bà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

“Àyìnkẹ́!”

Orúkọ ìyá Bánkọ́lé ni, tí ogun kó lọ nígbà tí Bánkọ́lé wà lọ́mọ ọwọ́.

“Àwa méjèèjì la jọ ń sín owó fún àwọn oníṣòwò, ẹyọ ni wọ́n sì fi ń san owó iṣẹ́ wa. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Òdì ni kókó tirẹ̀ máa ń yí. Màá ní, ‘Àyìnkẹ́, kókó rẹ ti ṣẹ́rí padà sílé!’ Òun náà á ní, ‘Tìrẹ tó ń tú lọ́nà ọjà ńkọ́?’”

Láwọyin ti sọ̀ kalẹ̀. Ó rọra wí pé, “Ìyá àgbà, ẹ rántí ìdána mi.”

Àwẹ̀ró ká okùn náà mọ́ ọwọ́. Kò sẹ́lòmíràn láyé tó mọ kókó náà. Bó bá ní ti òun ni, ta ni yóò já a nírọ́?

“Mo rántí, ọkọ mi. Gbé e fún un.”

Bánkọ́lé kò wo ìkòkò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá, mi ò mọ ojú rẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi.”

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Òkè-Ọsàn ti ń pa á lówe, tó fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa, pé: ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i.