Ìdí Tí Akọ̀wé Fi Ní Láti Pe Bọ́sísàlẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ọmọdé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Asọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà kí ènìyàn lè kà á. Akọ̀wé ni àbúrò. Òun ló ń to ọ̀rọ̀ sínú fáìlì, kí ó lè wà níbẹ̀ pẹ́.

Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Bọ́sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rí i. Bí ìlà kan bá ti parí, òun ló ń fa ọ̀rọ̀ tó kàn lọ sísàlẹ̀, kí ìlà tuntun lè bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í pè é. Fúnra rẹ̀ ló ń wá.

Lọ́jọ́ kan, Akọ̀wé ń ka iye ìjókòó tí àwọn lẹ́tà gbà nínú fáìlì. Ó rí i pé Bọ́sísàlẹ̀ gba ìjókòó kan ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, bíi lẹ́tà gidi.

“Kí ni iṣẹ́ rẹ gan-an?” ó bi í. “A kò rí ọ, o sì ń gba àyè.”

“Àbúrò mi, má sọ bẹ́ẹ̀,” ni Asọ̀rọ̀ wí.

Bọ́sísàlẹ̀ dìde, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Adúnọlá, tó ń lo kọ̀ǹpútà náà, fẹ́ orúkọ àwọn ọmọ tí ikọ́ ń ṣe, àti iye síbí oògùn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mu. Akọ̀wé kọ ọ́ wéréwéré:

Abíọ́nà2Fádérera1Látúnjí3

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. “Síbí méjì yìí, ta ló ni ín, Abíọ́nà ni àbí Fádérera? N kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ dánra wò.” Ó gbé ìgò oògùn sílẹ̀.

Fádérera ń wúkọ́ láyà ìyá rẹ̀. Akọ̀wé gbọ́ ọ láti inú fáìlì. Ó fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì kò tíì mọ ẹni tó ni síbí méjì. Ló bá sáré lọ sílé Bọ́sísàlẹ̀.

“Ọ̀rẹ́ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi.”

“Ó dùn mí,” ni Bọ́sísàlẹ̀ wí. “Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é fún ọ, o wá ń bi mí níṣẹ́ mi. N ó wá, nítorí àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n n kò ní dá wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́. Bí o bá fẹ́ mi, kí o pè mí.”

“Báwo ni n ó ṣe pè ọ́?”

“Kọ igi kékeré kan tó fẹ̀yìn tì, kí o sì kọ lẹ́tà n tẹ̀lé e, báyìí: \n.”

Akọ̀wé pè é lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ sì bọ́ sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú síbí tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún gbé ìgò. Fádérera mu síbí kan, ó fajú ro, kò pẹ́ tó fi sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Bọ́sísàlẹ̀ ti ń tẹ̀lé Asọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó pè é. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé gbọ́dọ̀ pè é ní ìparí gbogbo ìlà. Bó bá gbàgbé, ọ̀rọ̀ inú fáìlì a lẹ̀ mọ́ra wọn gbágbágbá, títí yóò fi padà lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀.