Pẹ́pẹ́yẹ Gbin Làbẹ̀làbẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi rìn títí, ó rì sínú àbàtà, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé etí odò kan tí kò ní koríko kankan ni. Ní ọjọ́ kejì, Àwòdì gbé ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ mẹ́rin lọ. Pẹ́pẹ́yẹ sunkún lọ bá Kọ̀ǹkọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ àgbà inú àbàtà. Kọ̀ǹkọ̀ hú gbòǹgbò làbẹ̀làbẹ̀ fún un, koríko tí etí ewé rẹ̀ mú bí abẹ, kó gbìn ín káwọn ọmọ rẹ̀ lè rí ibi sá sí.

Pẹ́pẹ́yẹ gbìn ín sórí òkè, ó gbẹ. Ó gba òmíràn, ó gbìn ín sáàárín odò, ó rà. Ó padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ojú ń tì í.

"Bàbá, ẹ forí jì mí, mo tún pa á."

Kọ̀ǹkọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọlọ́mọ, ibi tí ẹrẹ̀ bá ti mù ọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀ ni kó o gbìn ín sí."

Ó gbìn ín bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò ń rìn lábẹ́ ẹrẹ̀, ó ń yọ ọmọ, títí làbẹ̀làbẹ̀ fi yí odò ká, tó ga ju Pẹ́pẹ́yẹ lọ.

Ọjọ́ kan, òjìji Àwòdì hàn lójú omi. Pẹ́pẹ́yẹ fi orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ sá wọ làbẹ̀làbẹ̀!
Jáńjálá!
Àwòdì ń bọ̀ lókè!
Jáńjálá!
Ọmọ mi ò ní bá a lọ!
Jáńjálá!

Àwọn ọmọ gba ìdí koríko sá wọlé, níbi tí etí ewé kò ti lè kàn wọ́n. Àwòdì já tẹ̀lé wọn. Ewé gé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó gé e lẹ́sẹ̀ òsì, ó gé e lápá.

"Yéè! Irú koríko wo lèyí?" Ó fò lọ, kò wẹ̀yìn wò.

Àbíkẹ́yìn yọ orí jáde. "Ìyá mi, ẹ pè é padà, ká tún kọrin!"

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni mo fi wọ́n sí, tí mo fi wá sọ fún yín.