Olè Inú Kọ̀ǹpútà Àwọn Ahunṣọ

Mojírádé ni ẹgbẹ́ ahunṣọ òfì ìlú Òkè-Ẹ̀san gbé kọ̀ǹpútà wọn lé lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni ó ń ya àrà tuntun sí kí wọ́n tó hun ún. Ṣùgbọ́n àtìgbà tí wọ́n ti so ẹ̀rọ náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni àrà tí ẹnikẹ́ni kò tíì hun ti ń yọjú lọ́jà ìlú kejì. Àlàájì Mudaṣíru, alága ẹgbẹ́, fẹ̀sùn kan Ràímì, ahunṣọ tó mọṣẹ́ jù, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Mojírádé létí. Ràímì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà? Obìnrin yìí kì í sì í fi ohun tó bá rú u lójú sílẹ̀. Ó ya àrà kan tó burẹ́wà kọjá sísọ, kò fi han ẹnikẹ́ni, ó tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ tí Àlàájì fi ti ọjà ìlú kejì dé, aṣọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wo ìríra tí Láwàní ń tà!"

Ẹ̀rín pa Mojírádé. "Bàbá, ẹ fi Ràímì lọ́rùn sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ àrà yìí. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti mú un."

Oníbàárà wọn ni Láwàní. Àràárọ̀ ló ń jókòó sí àtíbàbà wọn, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí itan. Nígbà tó dé, wọ́n tẹ́ aṣọ náà síwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò fọ́ ilẹ̀kùn o. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu yín ni mo tẹ̀, ó sì ṣí."

"Kí lo gbọ́ lẹ́nu wa?" Ọ̀rọ̀ náà ya Mojírádé lẹ́nu ju bó ṣe bí i nínú lọ.

Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan tó ń rànwú ti ń kọjá. Ó kí Mojírádé bí gbogbo ìlú ṣe ń kí i:

"Àyọ̀ká, o kú iṣẹ́ o!"

Ojú ti Mojírádé gidigidi. Oríkì rẹ̀ yìí ló fi ṣe ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kọ̀ǹpútà, òun náà ló fi sí àpótí tó ń fi afẹ́fẹ́ pín íńtánẹ́ẹ̀tì dé àtíbàbà, torí ó mọ̀ pé òun kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Ó pààrọ̀ méjèèjì, kò sì sọ èyí tuntun fún Àlàájì pàápàá. Àlàájì náà lọ bẹ Ràímì nílé. Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà Òkè-Ẹ̀san bá rí ẹni tó ń fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pa àṣírí mọ́, òwe tí wọ́n ń pa fún un ni pé: oríkì tí wọ́n fi ń kíni níta, a kì í fi í ti ilẹ̀kùn ilé.